Adájọ́ Tí Ìlú Rẹ̀ Kò Kí Mọ́

Kò sí òfin tó lè fi ipá mú aládùúgbò kí aládùúgbò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà fi dá adájọ́ ìjọba àpapọ̀ lójú pé yóò wà lórí àga rẹ̀ títí ọjọ́ ikú tàbí títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti hùwà ìbàjẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ dín owó oṣù rẹ̀ kù nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kọ òfin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí adájọ́ lè dájọ́ láìwo ojú olówó, láìbẹ̀rù aláṣẹ. Ṣùgbọ́n agbára òfin ní ibi tó mọ. Kò lè pàṣẹ fún ọ̀rẹ́ àtijọ́ pé kó má yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí adájọ́ bá ń kọjá lọ. Kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó pe adájọ́ síbi ìnáwó. Ohun tí Adájọ́ Julius Waties Waring fi ojú rí nìyẹn ní Charleston, ìlú tí wọ́n ti bí i, ní ìpínlẹ̀ South Carolina.

Ọmọ ìlú náà ni ní tòótọ́, kì í ṣe àlejò. Ọjọ́ 27, oṣù keje, ọdún 1880 ni wọ́n bí i, ọdún 15 lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ìran rẹ̀ ti wà ní Charleston fún ìran mẹ́jọ. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ẹrú. Bàbá rẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó gbé ìbọn jà fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù nínú ogun náà. Waring kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ló ti kọ́ iṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Láti ọdún 1914 sí 1920, ó jẹ́ igbákejì agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 1933, ó di agbẹjọ́rò fún ìjọba ìlú Charleston. Ní ọdún 1938, òun ló darí ìpolongo ìbò Sẹ́nétọ̀ Ellison Smith ní Charleston, ọkùnrin kan tí kò fi ìkórìíra rẹ̀ sí àwọn aláwọ̀ dúdú pamọ́ rárá.

Nítorí náà, nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fi Waring ṣe adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ já láàrin àwọn ọlọ́lá ìlú náà. Ẹni ọdún 61 ni. Ọmọ wọn ni, wọ́n ní ẹ jẹ́ ó ṣe é. Ó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ó ń gbé ní àdúgbò wọn, aya rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn aya wọn. Ta ni yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dá ìdájọ́ kan tí yóò mì wọ́n lórí ìjókòó?

Àwọn àgbà Yorùbá ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orí ìgbésí ayé Waring ṣáájú ọdún 1942 yóò rí i pé fún ọgọ́ta ọdún, ẹjọ́ ẹnìkan ni ọkùnrin yìí ń gbọ́. Kì í ṣe pé kò rí àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n wà nínú ilé ìdáná, wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìlú náà ti ṣètò ara rẹ̀ débi pé a lè máa rí wọn lójoojúmọ́ kí a má gbọ́ ẹjọ́ wọn rárá. Àga adájọ́ ló kọ́kọ́ fi ipá mú Waring láti gbọ́ ọ.

Ìdí rèé tí iṣẹ́ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti adájọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìwé ni ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń kà jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti ìpìlẹ̀ ń wo ẹlẹ́rìí lójú. Ó ń rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó ń gbọ́ ohùn tó há sí ọ̀fun. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó sì jọ pé ojú yẹn ló kọ́kọ́ yí Waring padà, díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1944, àwọn olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ní Charleston gbé ẹjọ́ wá pé owó oṣù àwọn kò tó ti ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Thurgood Marshall ni agbẹjọ́rò wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà nígbà tó bá yá. Marshall ti gbára dì fún ìyà, nítorí ó mọ bí àwọn adájọ́ Gúúsù ṣe ń ṣe sí i. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sọ pé ńṣe ni ẹnu ya òun nínú ẹjọ́ náà, nítorí adájọ́ ń ṣe òtítọ́ tí òun kò retí. Waring pàṣẹ pé kí wọ́n sọ owó oṣù náà di ọgbọọgba. Láàrin àwọn ọdún yẹn náà ló fòpin sí àṣà yíya ìjókòó dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti funfun nínú ilé ẹjọ́ rẹ̀, tó sì gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí akọ́dà ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn ni ti Isaac Woodard. Ọmọ ogun ni Woodard, sájẹ́ńtì, ẹni ọdún 26, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun àgbáyé kejì dé. Ní ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 1946, ọjọ́ tí wọ́n fi ọlá yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ pàdé aya rẹ̀, aṣọ ológun sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ kí òun lọ tọ̀. Ìyẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Batesburg, awakọ̀ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Lynwood Shull, fi kóńdó lù ú títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi fọ́. Inú àtìmọ́lé ló sùn mọ́jú. Ẹni tó la ogun já láìfọ́jú, ilé ló ti wá fọ́jú.

Ìjọba àpapọ̀ gbé Shull lọ sí ilé ẹjọ́ ní ìlú Columbia ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Waring ló sì gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ níbẹ̀. Adájọ́ ló ń darí ìgbẹ́jọ́, òun ló ń ṣàlàyé òfin, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú méjìlá ló ń sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ti ní kò jẹ̀bi, ó parí nìyẹn. Adájọ́ kò ní àṣẹ láti yí i padà. Aláwọ̀ funfun ni àwọn méjèèjìlá. Agbẹjọ́rò ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ ṣakitiyan, ẹlẹ́rìí tó pè kò tó nǹkan. Waring rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà wọlé lọ jíròrò, ó ní òun ń lọ nasẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n má baà lè jáde wá kíákíá kó dà bíi pé wọn kò tilẹ̀ jókòó. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ń dúró dè é. Ìṣẹ́jú 28 péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Wọ́n ní Shull kò jẹ̀bi.

Elizabeth, aya adájọ́, wà nínú ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹkún ló sun kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, tọkọtaya yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lálaalẹ́ nípa ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ káàkiri ìgbèríko láti fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà. Ẹni ọdún 66 ni Waring nígbà náà. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ pé ohun tí àwọn mọ̀ ti tó àwọn, ìgbà yẹn ni òun tún padà di akẹ́kọ̀ọ́.

Ibí yìí ni àwọn ará Charleston ti ní àlàyé tiwọn. Ní ọdún 1945, Waring kọ Annie, aya tó ti wà nílé rẹ̀ láti ọdún 1913, ó sì fẹ́ Elizabeth, ará Àríwá tó ti kọ ọkọ méjì sílẹ̀. Nígbà náà, òfin South Carolina kò fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ rárá. Annie ló ní láti lọ sí ìpínlẹ̀ Florida lọ gba ìwé náà. Ìlú bínú. Wọ́n ní ìbínú ọkùnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ nítorí obìnrin ni ó ń fi ìdájọ́ gbẹ̀san. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ Annie sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe sí i dára, adájọ́ òdodo lè jẹ́ ọkọ tó dani. Ṣùgbọ́n àlàyé ìlú náà kò dúró bí a bá gbé e lé orí kàlẹ́ńdà. Ẹjọ́ àwọn olùkọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1944, ṣáájú ìkọ̀sílẹ̀. Ó sàn fún ìlú láti gbà pé obìnrin ló ba ọmọ àwọn jẹ́ ju pé kí wọ́n gbà pé ó gbọ́ ẹjọ́, ó sì mọ ẹni tó jàre.

Ọdún 1947 ni ọ̀rọ̀ wá kan ìbò. Ní South Carolina ayé ìgbà náà, ẹni bá ti wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ti wọlé tán. Ìdìbò gbogbogbòò kàn jẹ́ àṣekágbá ni. Aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé yìí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní ọdún 1944 pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ọgbọ́n: wọ́n fagi lé gbogbo òfin tó jẹ mọ́ ìdìbò abẹ́lé, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú ti di ẹgbẹ́ aládàáni, ẹni tó bá sì wù ú ló lè gbà wọlé. George Elmore, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan ní Columbia, gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Waring dá Elmore láre ní oṣù keje ọdún 1947. Ó sọ gbangba pé ó ti tó àkókò kí South Carolina padà sínú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí ó sì máa ṣe ìdìbò bí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ṣe ń ṣe é. Ẹgbẹ́ náà kò jáwọ́. Ní ọdún 1948, wọ́n ní ẹni tí yóò bá dìbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra pé òun fara mọ́ ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun. Waring tún fagi lé e, ó sì jẹ́ kó yé àwọn olórí ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ òun yóò wọ ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú tò síbi ìdìbò.

Láti ìgbà náà ni ìkíni ti dáwọ́ dúró. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ń sọdá sí ìhà kejì òpópónà bí wọ́n bá rí i lókèèrè. Àwọn ẹbí rẹ̀ pàápàá jìnnà sí i. Tẹlifóònù ilé rẹ̀ ń dún láàrin òru, èébú ló sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dá àbá pé kí wọ́n fi owó ìlú ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-ì-bọ̀ fún òun àti aya rẹ̀. Àwọn kan ń gba ìbuwọ́lùwé káàkiri pé kí wọ́n yọ ọ́ nípò. Ní oṣù kẹta ọdún 1950, wọ́n dáná sun àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, àmì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ti ẹgbẹ́ Ku Klux Klan ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, tọkọtaya náà jókòó nínú ilé lálẹ́ nígbà tí òkò ńlá fọ́ fèrèsé wọlé. Ọlọ́pàá ìlú ní àwọn ọmọdé ló ń ṣeré. Ìjọba àpapọ̀ ló fi ẹ̀ṣọ́ ránṣẹ́. Àwọn tó wá ń jẹun lórí tábìlì adájọ́ nígbà náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú, àwọn tí kì bá ti gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí ẹjọ́ Clarendon dé. Àgbègbè oko òwú ni Clarendon, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ní bọ́ọ̀sì bí ọgbọ̀n tó ń gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ní ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn òbí bẹ̀bẹ̀ fún bọ́ọ̀sì kan, wọn kò rí i gbà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra èyí tó ti gbó, ó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Pásítọ̀ J. A. De Laine ló kó wọn jọ, Harry Briggs tó ń ṣiṣẹ́ nílé epo ni orúkọ rẹ̀ sì ṣáájú nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1949. Marshall gbé ẹjọ́ wọn wá, ohun tó sì ń béèrè ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ dúdú dọ́gba pẹ̀lú ti funfun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1950, Waring jẹ́ kí Marshall mọ̀ pé irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò kan gbòǹgbò. Bó bá jẹ́ pé ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ló lòdì sí òfin, kó gbé ẹjọ́ wá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yóò béèrè bóyá ó tọ́ kí adájọ́ máa tọ́ agbẹjọ́rò sọ́nà. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé a fẹ́ràn ibi tí ẹjọ́ náà já sí. Ohun tó dájú ni pé ìmọ̀ràn náà kò mú kí Waring borí. Òfin ìgbà náà sọ pé ẹjọ́ tó bá tako òfin ìpínlẹ̀ kan lọ́nà bẹ́ẹ̀, adájọ́ mẹ́ta ni yóò gbọ́ ọ. Waring mọ àwọn méjì yòókù. Ó mọ̀ pé òun yóò dá nìkan wà. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọ̀nà tààrà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1951 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Charleston. Àwọn àgbẹ̀ ti Clarendon wá láti ìdájí, wọ́n kún ilé ẹjọ́, wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn títí dé ìta. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kenneth Clark ṣàlàyé bí òun ṣe gbé ọmọláńgidi síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Clarendon, tí kò sí ìyàtọ̀ láàrin àwọn ọmọláńgidi náà ju àwọ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì ní funfun ló dára, dúdú ni kò dára. Ní oṣù kẹfà, adájọ́ méjì, John Parker àti George Timmerman, dájọ́ pé kí ìpínlẹ̀ tún ilé ẹ̀kọ́ dúdú ṣe, ṣùgbọ́n kí ìyàsọ́tọ̀ máa bá a lọ. Waring nìkan kọ ìdájọ́ tirẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ni àìdọ́gba. Kò sí bí a ṣe lè kun ilé tó, kò sí iye bọ́ọ̀sì tí a lè rà, tí yóò mú àbùkù kúrò lára ọmọ tí ìjọba sọ fún pé kó má jókòó ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, bí a bá ń ka ohun tí òtítọ́ ná ènìyàn, ti adájọ́ kọ́ ló wọ́n jù. Briggs pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lé aya rẹ̀ náà níbi iṣẹ́. Òwò Elmore bàjẹ́. Ilé De Laine jóná, nígbà tó sì ṣe, ó sá fi ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá. Àwọn wọ̀nyí kò ní owó oṣù tí ìwé òfin dáàbò bò. Adájọ́ tó bá ṣe òtítọ́, ìkíni ló pàdánù. Olùpẹ̀jọ́ tó bá béèrè òtítọ́, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló fi dógò.

Ní oṣù kejì ọdún 1952, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lórí àga, Waring fẹ̀yìn tì, òun àti Elizabeth sì kó lọ sí New York. Ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 1954, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn ẹjọ́ tí wọ́n so pọ̀ lábẹ́ orúkọ Brown v. Board of Education, ti Clarendon sì wà lára wọn. Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé ìyàsọ́tọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lòdì sí òfin. Èrò tí ọkùnrin kan dá nìkan kọ ní Charleston ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ti di òfin ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ kóra jọ sí ilé rẹ̀ ní New York láti bá a yọ̀. Kò sí ìyè méjì pé ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìlú ẹni kò jìnnà sí ọkàn ẹni, àyọ̀ tí a sì ń yọ̀ ní ìlú onílùú ní ibi tó mọ.

Waring kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, ó sì ní kí wọ́n gbé òun padà sí Charleston lọ sin. Àwọn aláwọ̀ funfun tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ kò ju bí méjìlá lọ, iye kan náà pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó dá Shull sílẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá tó igba. Ní ọdún 2015, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Charleston. Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ lónìí ń pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ẹjọ́ wọn. Ìlú ti wá ń kí i. Ṣùgbọ́n àwọn igba ènìyàn tó dúró létí sàréè rẹ̀ nínú òtútù oṣù kìn-ín-ní ti kí i ṣáájú ìlú, nígbà tí ìkíni ṣì ní iye tí a ń san.